Ìjọba Tì, Ojú Tì Mí

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń pè mí ní Ìjọba nínú ìjọ wa ní Austell, ní Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí inú mi sì máa ń dùn sí i bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Kì í ṣe pé mo wà nípò ńlá kan. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Downtown, àárín ìlú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń ka ìwé tí àwọn aráàlú fi ránṣẹ́, mo sì ń fi èsì tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tí ó kún fún nọ́ọ̀sì, awakọ̀ akẹ́rù àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, èmi nìkan ni mo ń fi káàdì ìjọba kọ́rùn. Mo ń fi kọ́rùn lọ, mo ń fi kọ́rùn bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ìgbà mìíràn sì wà tí mo máa ń ṣe bí ẹni gbàgbé rẹ̀ sọ́rùn wá sí ilé Ọlọ́run. Ìyàwó mi, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kò sì fẹ́ràn àṣejù, bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá àwọn áńgẹ́lì ló fẹ́ yẹ káàdì mi wò kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé.

Bàbá mi ló gbin ìfẹ́ iṣẹ́ ìjọba sí mi lọ́kàn. Iṣẹ́ káńsù ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì, owó oṣù rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé lásìkò. Síbẹ̀ ó máa ń sọ fún wa pé bó ti wù kí ìjọba pẹ́ tó, kò ní ṣàì san án. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sápò wá sí Amẹ́ríkà. Bí ọ̀dọ́ kan bá sọ fún mi pé òun fẹ́ dá okòwò sílẹ̀, màá ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù: wá iṣẹ́ ìjọba ṣe, gba ètò ìjọba, fara ti ìjọba. Mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé ìjọ fi ń sín mi jẹ.

Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ jù ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ dùùrù fún ìjọ wa. Ọmọ Ìbàdàn ni, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já ẹrù nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, Georgia níbí ni wọ́n bí i sí. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ ọ́, ohùn rẹ̀ á máa wá ibi tí yóò gbà, èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní Yorùbá lẹ́yìn ìsìn ni mo sì máa ń tún un ṣe fún un. Ó wà nínú oyún àkọ́kọ́ nígbà náà. Fúláàtì kékeré ni wọ́n ń gbé, ẹni tó ń gbé lókè wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ ni pé kí ọmọ náà ti ilé ìwòsàn bọ́ sínú ilé tó jẹ́ ti àwọn òbí rẹ̀, kí a sì sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn tọkọtaya yìí sì ti wo ilé tiwọn. Ní Hampton, lẹ́yìn ìlú, ló wà.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn láti rà á. Wọ́n lè yá owó ní bánkì. Ìyẹn máa gba owó àsansílẹ̀ tó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin kan tó ń gbé ní Texas, ti ṣèlérí pé òun á fi owó kún un. Wọ́n sì tún lè gba ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń dúró fún, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ra ilé lẹ́yìn ìlú, tí kò gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n wá bi mí. Ọ́fíìsì tó ń ṣe ètò yẹn àti ọ́fíìsì mi kò tan mọ́ ara wọn rárá, bí mo sì ṣe mọ̀ nípa rẹ̀ náà ni ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún káàdì ọrùn mi ṣe, mo ní, "Ẹ kúrò lọ́dọ̀ bánkì. Ìjọba kì í parọ́." Ìyàwó mi wò mí láti inú ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kí n má máa fi ẹnu mi dúró fún ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi.

Wọ́n mú wa lọ wo ilé náà ní ọjọ́ Sátidé kan. Ilé kékeré ni, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, igi pákánì kan sì dúró lẹ́yìnkùlé. Láti ibi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ìje ní ìlú náà, a ń gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń kùn lókèèrè, ọkọ sì ní ó sàn kí ọmọ òun máa gbọ́ ìyẹn ju ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé lókè wọn lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé ikùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Uncle, next month a máa ti ilé yìí."

Mo ní, "Ẹ máa tì í kẹ̀? Ta ló lé yín?"

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Closing ló ń sọ, sir. Ọjọ́ tá a máa sign, tí wọ́n máa fún wa ní kọ́kọ́rọ́."

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ìyàwó mi. Mo wá ṣe olùkọ́ bí ìṣe mi. Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ tiwa a kì í ti ilé tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ńṣe là ń ṣí i, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ayẹyẹ rẹ̀ ní ìṣílé. Mo ní kó di ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà mú. Ó fà á, ó ní, "Ó ṣí." Ó tì í padà, ó ní, "Ó ti." Mo ní rárá, ohùn náà gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, dò: ó tì. Ó ń ṣí i, ó ń tì í, ó ń sọ ọ́, títí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ wá fi ń wò wá bí ẹni pé a fẹ́ ba ilẹ̀kùn náà jẹ́. Ohùn yẹn gún régé lẹ́nu rẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀, mo sì yin ara mi lógo.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé àwọn aṣòfin ò fohùn ṣọ̀kan lórí owó tí ìjọba máa ná, pé bí nǹkan bá lọ bẹ́ẹ̀, ìjọba àpapọ̀ máa tì, àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ní ọ́fíìsì wa, àwọn èèyàn ti ń kó òdòdó inú ìkòkò wọn lọ sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa fi fóònù pè mí.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́ sir, loan officer wa pè mí. Ó ní tí government bá shut down, àwọn tó máa approve paper wa ò ní sí ní office. Ẹ̀gbọ́n mi ní Texas ṣì ready. Ṣé ká kúkú switch sí bank báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, "Fọkàn ẹ balẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí. Ìjọba á tì, á tún ṣí, gbogbo nǹkan á padà sípò. Ṣé o rí i kí ebi pa mí nígbà yẹn?"

Òótọ́ ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí. Ní ìgbà ìṣáájú yẹn, mo jókòó sílé, mo kun ilé ìdáná wa ní ọ̀dà, nígbà tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn, wọ́n san gbogbo owó tí mi ò gbà láìku kọ́bọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa kí ìjọba tì kò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpò ara mi lọ. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà níta, tó ń dúró de ìwé? Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí. Ó yẹ kí n sọ pé mi ò mọ̀. Gbólóhùn kékeré ni, kò wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìjọba kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

Ìjọba tì lóòótọ́. Àǹtí mi àgbà pè láti Ìbàdàn tẹ̀rùtẹ̀rù, ó ní ṣé àwọn sójà ti gbà á ni. Mo ní rárá, kò sí sójà níbẹ̀, ààrẹ wà, àwọn aṣòfin wà, owó wà, wọ́n kàn ń bínú sí ara wọn ni. Ó ní, "Ìyálé àti ìyàwó jà, wọ́n wá ti ilé ìdáná pa. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ara mi yá gágá ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn ará ìjọ ń kí mi pé, "Ẹ kú ìsinmi o, Ìjọba!" èmi náà sì ń dáhùn pé a dúpẹ́.

Ìsinmi náà gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Obìnrin kan nínú ìjọ wa tó ń yẹ ẹrù àwọn arìnrìn-àjò wò ní pápákọ̀ òfuurufú ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láìgba owó. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé òun. Opó kan tó ń fi káàdì ìjọba ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì ní láti dá wàrà padà síbi tó ti mú un lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní tirẹ̀ ń pe nọ́ńbà ọ́fíìsì ẹ̀yáwó, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nìkan ló sì ń dá a lóhùn. Bàbá arúgbó tó ni ilé náà fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó sún ọjọ́ síwájú fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò ní lè sún un mọ́. Wọ́n tún gbìyànjú bánkì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti Texas ti fi owó náà san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, a jókòó sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, a ń jẹun, ọ̀rọ̀ náà sì dìde bó ṣe máa ń dìde. Díákónì wa, tó ń ta táyà, sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló fà á. Ọ̀gá àwọn akọrin ní irọ́ ni, ẹgbẹ́ kejì ni. Apá kan ń pariwo, apá kejì ń pariwo, àwọn tí wọn kò dìbò rí náà ń na ìka. Díákónì wá kọjú sí mi. "Ìjọba, ẹ̀yin gan-an ló yẹ ká bi. Ta ló tì í?" Kí n tó lanu, ẹnì kan ti bi atẹdùùrù wa pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ gba loan government?"

Ọmọkùnrin náà wo ojú mi, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Àwa la choose ẹ̀, sir. Kò sẹ́ni tó force wa."

Ó bò mí láṣìírí lójú gbogbo ìjọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí mo bá sọ nígbà náà pé èmi ni, tí mo ní ẹ jẹ́ ká jọ wá ọ̀nà, bóyá àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn, tí ọ̀pọ̀ wọn ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ì bá dá nǹkan jọ fún wọn kí ọjọ́ bàbá arúgbó tó pé. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo dìde. Mo lu tábìlì. Mo ní, "Àwọn olóṣèlú yìí ló fà á, ẹgbẹ́ méjèèjì! Wọ́n ń fi ayé mẹ̀kúnnù ta ayò!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ, ẹ̀yìn òótọ́ yẹn gan-an ni mo sì sá pamọ́ sí. Ìyàwó atẹdùùrù ló wà níwájú mi pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Ó wò mí pẹ́ díẹ̀, ó fi ìdérí bo àwo rẹ̀, ó sì jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ wọn.

Ilé náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọkọ ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Uncle, a ti lose ilé yẹn o. Ẹ bá wa dúpẹ́ fún ẹ̀mí." Ilé ìdáná tí mo kùn nígbà ìṣáájú yẹn ni mo ti kà á. Ó yẹ kí n pè é. Mo kọ ọ́ sí i pé Ọlọ́run á ṣe èyí tó dára jù. Títí di òní, mi ò gbàgbé pé Ọlọ́run ni mo tún sá sẹ́yìn rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba ṣí. Mo tún káàdì mi fi kọ́rùn, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Downtown, gbogbo owó mi sì wọlé bí mo ṣe sọ pé á ṣe wọlé. Ìyàwó mi rí i lórí fóònù. Ó ní, "Tiyín ti padà. Tiwọn ńkọ́?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí àwọn aṣòfin ṣe jẹ́ aláìláàánú. Ó ní, "Mi ò bi yín nípa politician." Ó sì lọ múra iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀.

Wọ́n bí ọmọ náà, obìnrin, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ nínú fúláàtì yẹn. Àyè kò gbà wá, àwọn kan dúró sórí àtẹ̀gùn, ẹni tó ń gbé lókè sì ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ lé wa lórí bí pásítọ̀ ṣe ń gbàdúrà. Ẹnì kan ní kí Ìjọba wá súre fún ọmọ. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kéde pé àwọn ń kó lọ sí Texas, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, kí àwọn lè máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ títí nǹkan á fi rọrùn.

Mo lọ bá wọn kí wọ́n tó lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lọ́nà, láti Austell títí dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo sì tò ó dáadáa. Páálí kún inú ilé. Ọkọ ń tú ibùsùn ọmọ, ìyàwó ń ká aṣọ ìkókó. Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó sórí páálí. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin! Mo ń sọ nípa owó tí ìjọba máa ná, mo ń sọ nípa ẹgbẹ́ kìíní àti ẹgbẹ́ kejì, obìnrin náà sì ń ká aṣọ, kò wò mí. Ọ̀rọ̀ tí mo tò náà wá tán mọ́ mi lẹ́nu. Mo ṣí fìlà. Mo dàgbà tó bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní, "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dúró de ìjọba. Mi ò mọ̀, mo sì ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ojú tì mí."

Ó dáwọ́ dúró. Ó gbé orí sókè. "Ojú yín tì?" Ohùn náà lọ sílẹ̀ dò, bí mo ṣe kọ́ ọ ní Hampton. "Ojú yín tì, Uncle? Then, ẹ ṣí i now."

Ọkọ rẹ̀ yára ní, "No, babe, shame ló ń sọ, ìtìjú ni—"

"I know what he's saying," ló fi dá a lóhùn. Kò pariwo. Ó kó aṣọ ìkókó tó kù sínú páálí, ó pa ẹnu páálí náà dé, ó sì na téèpù sí mi. Ó ní, "Ẹ bá mi ti èyí." Mo kúnlẹ̀, mo tì í.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìjọba, kò sì sí bí mo ṣe lè mú kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Inú báàgì ni káàdì mi ń gbé. Aṣọ ni wọ́n fi bo dùùrù ìjọ wa, nítorí a ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ bíi ti ọmọkùnrin yẹn. Nígbà tí ariwo tún sọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé ìjọba fẹ́ tì, àwọn ọ̀dọ́ méjì wá bi mí ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tiwọn. Mo ní, "Mi ò mọ̀. Ẹ lọ bi ẹni tó mọ̀." Wọ́n rò pé mò ń bínú ni.

Obìnrin náà máa ń pè wá láti Texas. Kò bá mi ṣọ̀tá, ìyẹn gan-an ló sì ń mú kí ọ̀rọ̀ náà máa dùn mí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó gbé fóònù dúró kí a lè rí ọmọ rẹ̀, ọmọdébìnrin kékeré tó ti ń sáré kiri. Ọmọ náà di ilẹ̀kùn kan mú. Ó fà á, ó kígbe pé, "Ó ṣí!" Ó tì í, ó kígbe pé, "Ó tì!" Ohùn náà lọ sílẹ̀ dò, kò ṣìnà rárá. Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀kùn ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni.